Ẹ̀dà Ọlọ́lá Tí Gbogbo Ayé Ń Retí

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2014, Samsung kó àwọn oníròyìn jọ sí ìlú Barcelona lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ó sì fi Galaxy S5 hàn wọ́n. Fóònù náà kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 5.1, omi kò rí i gbé ṣe bó bá ṣèèṣì já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ìka dá olówó rẹ̀ mọ̀, iná pupa kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó lè ka bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Síbẹ̀, kò pẹ́ rárá tí ìbéèrè kan fi gba ẹnu àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ fóònù: èkejì rẹ̀ dà? Èyí tí wọ́n fi irin ṣe, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere ju ti eléyìí lọ, tí owó rẹ̀ á sì ga ju tirẹ̀ lọ, níbo ni Samsung tọ́jú rẹ̀ sí?

Samsung kò sọ pé òun ní èkejì. Àmọ́ láàárín oṣù bíi mẹ́fà, fóònù tí wọn kò tíì kéde yìí ti ní orúkọ méjì, Galaxy S5 Prime àti Galaxy F. Ó ní àwòrán, ó ní àwọ̀ wúrà, àwọn kan sì ń tìtorí rẹ̀ sọ pé àwọn ò ra èyí tó wà lórí igbá mọ́, àwọn á dúró de ọ̀gá rẹ̀. Ìtàn fóònù yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí àwọn èèyàn ṣe ń dá àbá nípa ẹ̀dà ọlọ́lá fóònù kan tí kò tíì jáde. Àwọn tí kò mọ̀ ń pè é ní òfófó. Èmi kà á sí iṣẹ́: ó ní irinṣẹ́, ó ní àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ní ibì kan pàtó tó ti máa ń ṣìnà.

Ike ló bí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn S5 jẹ́ ike rírọ̀ tí wọ́n fi ààmì wẹ́wẹ́ bíi ihò abẹ́rẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn tó fẹ́ fi í ṣẹ̀sín sì ní ó jọ pílásítà tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ẹ̀sín náà kò dùn mọ́ Samsung nínú, torí àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà ti kọjá ibẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni Apple ti gbé iPhone 5s jáde, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ó sì ní èyí tó pọ́n bíi wúrà. HTC ti ṣe fóònù One tó jẹ́ onírin látòkèdélẹ̀ lọ́dún 2013 kan náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2014, oṣù kan péré lẹ́yìn Barcelona, ó tún gbé One M8 jáde. Ká ní èèyàn to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, tó wá ní kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fóònù fọwọ́ kan èyí tí owó rẹ̀ ga jù, mi ò rò pé S5 ni yóò fọwọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká fi ike wọ́lẹ̀ jù. Ìgbì rédíò ń gba inú ike kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Irin ní tirẹ̀ ń dí i lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára àwọn fóònù onírin: ibẹ̀ ni wọ́n ti gé irin náà kí áńtẹ́nà lè ríbi gbà ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn ń yọ́ ike sínú mọ́ọ̀dù ni, kò sì ní pẹ́ tí ẹ̀yìn fóònù kan á fi jáde. Irin ní láti bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo ilé iṣẹ́ tí J.K. Shin tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka fóònù rẹ̀ nígbà náà sọ pé ó ta mílíọ̀nù 10 S5 láàárín ọjọ́ 25. Bí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kúrò nínú ike bọ́ sínú irin, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lálẹ́ tí wọ́n á sì ṣe láàárọ̀. Ike yẹn kan náà ló jẹ́ kí èèyàn lè fi èékánná ṣí ẹ̀yìn S5, kó yọ bátìrì tó ti kú, kó ki òmíràn bọ̀ ọ́, kó sì fi mẹ́mọ́rì káàdì sí àyè tirẹ̀. Àwọn tó ń bú u nígbà náà kì í ka èyí mọ́ ọn.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àwọn tó ń retí èkejì ní ohun tí wọ́n dì mú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, Samsung pe àwọn olùdókòwò àti àwọn atúpalẹ̀ ọjà jọ ní Kòríà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì sọ fún wọn pé lọ́dún 2014, ojú fóònù tó ní píksẹ́lì 2560 lóròó àti 1440 níbùú yóò dé. Nígbà tí S5 wá dé pẹ̀lú 1920 àti 1080, kò sí ẹni tó gbọ́ ìlérí yẹn tí kò ní béèrè ìyókù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti oṣù Kìíní, kí S5 tó jáde rárá, ni ìròyìn ti ń lọ pé oríṣi méjì ni yóò jẹ́, onírin fún olówó, oníke fún mẹ̀kúnnù. Oníke nìkan ló jáde, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Àhesọ kì í kú bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ni. Onírin tí wọn kò rí ní Barcelona ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Prime, tí wọ́n sì ní ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó kó tó jáde.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn ni mo wá débí yìí. Nínú ilé iṣẹ́ Samsung, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀. Ọjọ́ tí ó bá ń lọ sọ́jà ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. S5 tí gbogbo wa mọ̀ ni SM-G900, lẹ́tà tó bá gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà ló sì ń sọ ọjà tí wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣọ́ Samsung bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lára nọ́ńbà mìíràn: SM-G906, pẹ̀lú lẹ́tà S, K àti L. Ẹni tí iṣẹ́ yìí mọ́ lára kò ní kà á kọjá. Láti 900 sí 906 kò jìnnà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ká ní ìran tuntun ni, ó yẹ kó fò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe rí nígbà tí S6 dé lọ́dún kejì tó sì jẹ́ SM-G920. Nítorí náà, nọ́ńbà yẹn nìkan ti jẹ́rìí pé S5 mìíràn ń bọ̀ lóòótọ́. Lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: S fún SK Telecom, K fún KT, L fún LG U+, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mẹ́ta tó ń du oníbàárà ní Gúúsù Kòríà. Ẹ fi ìyẹn sápò ná.

Báwo ni nọ́ńbà tí wọ́n fi pamọ́ sí Kòríà ṣe ń dé ọwọ́ ẹni tó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Fóònù kò lè dá rìn wọ ọjà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ìjọba kọjá. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC ló ń yẹ agbára rédíò rẹ̀ wò. Ní Ṣáínà, TENAA ní ojúṣe tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gbé àwòrán fóònù náà sórí ìkànnì rẹ̀ fún aráyé rí. Ẹgbẹ́ tó ni Bluetooth náà ní ìwé tirẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò tún ń rìnrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, torí Samsung ní ilé ìwádìí ní Íńdíà pẹ̀lú. Ìwé aṣọ́bodè Íńdíà sì ń kọ ohun tó wọlé sílẹ̀ àti iye tí wọ́n díwọ̀n rẹ̀ sí. Ìkànnì kan tó ń jẹ́ Zauba ló ń tò wọ́n jáde nígbà náà. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò jókòó tì í, yóò máa wá SM-G títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn ẹnjiníà fúnra wọn tún wà ńbẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn á gbé fóònù tí kò tíì lórúkọ, á fẹ́ mọ bó ṣe ń sáré tó, á wá fi áàpù ìdánwò bíi GFXBench dán an wò. Kò ní rántí pé áàpù yẹn ń fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sójú ìkànnì tí gbogbo èèyàn lè kà. Bí àṣírí ṣe ń tú nìyẹn: nọ́ńbà fóònù, oríṣi Snapdragon (ọpọlọ tó ń darí fóònù) tó wà nínú rẹ̀, iye píksẹ́lì ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbayì. Ẹ̀rí tí kò mọ̀ pé òun ń jẹ́rìí, òun ni mo máa ń fi síwájú.

Àwọn tó ń ṣe páùṣì ló tẹ̀ lé e lójú mi. Wọ́n fẹ́ kí páùṣì ti wà lórí igbá ní ọjọ́ tí fóònù bá jáde, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà ń wá a. Wọn ò lè dúró de ìkéde. Wọ́n á wá ìwọ̀n fóònù náà lọ́nàkọnà, wọ́n á gbé mọ́ọ̀dù, wọ́n á sì tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde. Bí ìwọ̀n náà bá ṣì, owó wọn gbé. Nítorí owó yẹn ni mo ṣe ń gbà wọ́n gbọ́ lórí gígùn, fífẹ̀ àti ibi tí ihò kámẹ́rà wà. Lórí orúkọ fóònù, ọ̀rọ̀ wọn kò ju tèmi tìrẹ lọ, torí Samsung kò ní láti sọ orúkọ fún ẹni tó ń gé ike.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kẹ́yìn, òun ló sì ń pariwo jù. Àwọn ìwé ìròyìn Kòríà bíi ETNews ń gbọ́ láti ẹnu àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù fún Samsung. Àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n tà. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí Samsung fẹ́ fi ṣe. Lórí Twitter nígbà náà, Evan Blass, ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí @evleaks, ni ọ̀gá pátápátá. Òun ló fi àwòrán Galaxy F aláwọ̀ wúrà hàn lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014 kan náà ló kéde pé òun ń fẹ̀yìn tì, lára ìdí tó sọ sì ni pé iṣẹ́ náà kò gbọ́ bùkátà. Ó padà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ ká rò: ẹni tí gbogbo ìkànnì ń fi ìròyìn rẹ̀ pa èrò mọ́ra kò rí nǹkan gidi mú lọ sílé.

Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń fi ti àbá náà lẹ́yìn. Chang Dong-hoon tó ń darí iṣẹ́ ọnà fóònù ní Samsung fi ipò sílẹ̀, Lee Min-hyouk rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i, wọ́n ti lé oníke lọ, onírin ń bọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, LG gbé G3 jáde pẹ̀lú píksẹ́lì 2560 àti 1440 tí Samsung ti ń fọ́nnu rẹ̀. Wọ́n ní Samsung kò lè jókòó kó máa wòran mọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́. Ohun méjèèjì ṣẹlẹ̀. Wọ́n kàn ti gbé ìdáhùn sílẹ̀ kí wọ́n tó máa wá ẹ̀rí fún un.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, SM-G906 jáde. Orúkọ tí Samsung sọ ọ́ ni Galaxy S5 LTE-A, kò sì sí Prime kankan níbẹ̀. Píksẹ́lì 2560 àti 1440 wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, nínú ínǹṣì 5.1 kan náà, tó fi jẹ́ pé 577 ló há sínú ínǹṣì kan. Snapdragon 805 rọ́pò 801, ìrántí rẹ̀ kúrò ní 2GB, ó di 3GB. Lórí ẹ̀yà inú rẹ̀, àwọn tó dá àbá gba máàkì rẹpẹtẹ. Àmọ́ ẹ yí i padà. Ike náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ihò abẹ́rẹ́ yẹn. Kòríà sì ni wọ́n gbé e jáde fún, bí lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti ń wí látọjọ́ yìí.

Irin náà dé ṣá o. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, Samsung kéde Galaxy Alpha. Irin yí etí rẹ̀ ká, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, nínípọn rẹ̀ kò ju mìlímítà 6.7 lọ, ó sì rẹwà gan-an. Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ínǹṣì 4.7, pẹ̀lú píksẹ́lì 1280 àti 720, èyí tó kéré sí ti S5 oníke. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ike ni; etí nìkan ni irin wà. Kò tún ní àyè mẹ́mọ́rì káàdì.

Ẹni kan gbọ́ ìró odó lójúde Bàbá Àlàní, ó gbóòórùn ẹja yíyan lójúde Ìyá Rámọ́tà, ó wá lọ sọ láàárín ìlú pé wọ́n ń fi ẹja jẹ iyán nílé Àlàní. Iyán wà, ẹja wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Prime gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ojú tó mọ́lẹ̀ kedere ń bọ̀, wọ́n rí ipasẹ̀ rẹ̀. Ara onírin ń bọ̀, wọ́n rí ipasẹ̀ òun náà. Fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni ipasẹ̀ méjèèjì, tí Samsung sì ṣe fún èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé àwọn tó ń wò ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Lójú tèmi, ibí yìí ni àbá nípa ẹ̀dà ọlọ́lá ti máa ń ṣìnà jù. Wọ́n ń mọ ẹ̀yà ara rẹ̀ dáadáa, ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni kì í yé wọn.

Kí ni ìdí S5 LTE-A gan-an? Nẹ́tíwọ̀kì ni. Àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta Kòríà yẹn ń bára wọn du ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá jù. Lọ́dún 2014 wọ́n ti dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì lè gbé 225 mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, S5 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò sì lè gba gbogbo ìyẹn mọ́ra. Wọ́n nílò fóònù tí yóò fi han oníbàárà pé owó ìdókòwò àwọn kò gbé. Snapdragon 805 pẹ̀lú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ tó ń bá nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀ ló lè ṣe é. Ní ibi tí kò sí irú nẹ́tíwọ̀kì bẹ́ẹ̀, apá tó tóbi jù nínú ìdí rẹ̀ kò sí. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ì bá ti mọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Samsung ti ṣe ohun kan náà: ó gbé Galaxy S4 LTE-A jáde ní Kòríà, pẹ̀lú Snapdragon 800 nínú ara S4 tí gbogbo ayé mọ̀. Oṣù kan náà, ilẹ̀ kan náà, orúkọ kan náà. Ẹ̀rí tó lágbára jù kò fara pamọ́ sínú ìwé aṣọ́bodè kankan; inú ìkéde Samsung ti èṣí ló wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìròyìn tí àkọlé rẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n ṣe léṣìí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Samsung. Lọ́dún 2017, gbogbo ayé mọ̀ pé Apple ń ṣe iPhone kan tí yóò ga ju àwọn yòókù lọ. Ní nǹkan bí oṣù Keje, Apple fọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí náà: sọ́fítíwíà HomePod, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn rẹ̀, bọ́ sójú táyé, àwọn tó ń ka kóòdù bíi Steve Troughton-Smith àti Guilherme Rambo sì rí i nínú rẹ̀ pé fóònù náà kò ní bọ́tìnnì nísàlẹ̀, àti pé ojú èèyàn ni yóò fi máa dá olówó rẹ̀ mọ̀. Wọ́n rí àwòrán bí iwájú rẹ̀ ṣe rí, títí kan ibi tí wọ́n ti gé òkè rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dá àbá ti lo oṣù púpọ̀ lórí pé ibi ìtẹ̀ka yóò wà lábẹ́ gíláàsì tàbí lẹ́yìn. Kò sí níbì kankan. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní iPhone 8, iPhone Edition, iPhone Pro. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló kù kí Apple kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án kí sọ́fítíwíà mìíràn tó tú jáde pé iPhone X ni. Owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀: wọ́n ní yóò lé ní dọ́là 1,000, Apple fi dọ́là kan dín in. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í retí iPhone Ultra.

Bí ilé iṣẹ́ bá mọ̀ pé aráyé ti mọ̀, kí ló dé tí kì í sọ ọ́? Wọ́n ń bẹ̀rù ohun tó ṣe Osborne. Adam Osborne ń ta kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé rìn ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1981, ó ń tà bí ẹní ta búrẹ́dì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ èyí tó dára jù tó ń bọ̀ kó tó ṣe é tán; bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, àwọn oníbàárà ní àwọn á dúró, owó kò wọlé mọ́, nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983 ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè. Àwọn tó yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́yìn náà ní ìdí mìíràn tún wà ńbẹ̀. Ìyẹn kò dá ẹ̀rù náà dúró.

Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá gbọ́ pé èyí tó ga ń bọ̀, ó fẹ́ ta tọwọ́ rẹ̀ kí owó rẹ̀ tó já. Ẹni tó fẹ́ rà náà ń sún un síwájú títí ọlọ́jà á fi dín owó rẹ̀ kù. Ibẹ̀ náà ni S5 ti Kòríà máa ń yọjú sí nínú àwọn tòkunbọ̀, tí àwọn kan ṣì ń pè é ní Prime. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí S5 tó kù. Mo wà nídìí káńtà kan lọ́jọ́ kan tí ọ̀dọ́kùnrin kan ń bi ọlọ́jà pé, “Ẹ̀gbọ́n, Prime ni àbí S5 lásán?” Ọlọ́jà kò dá a lóhùn. Ó ki èékánná bọ ẹ̀gbẹ́ fóònù, ó ká ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ó yọ bátìrì, ó sì gbé e súnmọ́ iná. Lábẹ́ ibẹ̀ ni ìwé funfun kékeré kan wà, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìdin: SM-G900F. “Àbúrò, 900 ni. Má jẹ́ kí wọ́n gbówó 906 lọ́wọ́ ẹ.” Ó ta á ní owó 900. Mo ti rí ọlọ́jà tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2014, ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ pé S5 tí Samsung tà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 12, nígbà tí S4 tà tó mílíọ̀nù 16 ní irú àsìkò kan náà. Ìyẹn ló ṣe ohun tí àbá kò lè ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2015, wọ́n tún padà sí Barcelona pẹ̀lú S6. Irin yí i ká, gíláàsì wà níwájú àti lẹ́yìn, píksẹ́lì 2560 àti 1440 wà nínú ínǹṣì 5.1. Ẹni tó bá mú àwòrán Prime ti ọdún tó ṣáájú wá síbẹ̀, òun náà ló ń wò yìí, orúkọ nìkan ló yàtọ̀, wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé.

Àyè mẹ́mọ́rì káàdì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé ṣí, bátìrì rẹ̀ kò ṣeé yọ, ó sì kéré sí ti S5: 2550 dípò 2800. Bó bá já sínú omi, ẹ máa ṣàdúrà. Nínú gbogbo àwòrán àti àlàyé Prime tí mo kà lọ́dún 2014, n kò rántí ẹni tó kọ ọ́ pé ohun tí a ó fi gba irin nìyẹn. Nígbà tí S7 dé ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Samsung dá àyè káàdì padà, omi kò sì rí i gbé ṣe mọ́. Bátìrì tí èèyàn lè fi èékánná yọ kò padà sórí Galaxy S kankan láti ìgbà náà.